Ẹ Gbé Abẹ́rẹ́ Sílẹ̀, Ẹ Jókòó Ti Aláìsàn

Tí èsì JAMB bá ti jáde, fóònù wa kì í sinmi mọ́. Àwa tí à ń kọ èyí, kọ̀ǹpútà ni a kà ní yunifásítì, software ni à ń kọ jẹun, àwọn ará Ajue sì ti gbà pé ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà ló mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ ilé ìwé. "Bùrọ̀dá, ẹ bá mi wo pọ́táàlì." "Ẹ̀gbọ́n, 238 ni mo gbà, ṣé Medicine á ṣeé ṣe?" Àwọn kan ti ń bi wá ní ìbéèrè yìí fún ọdún mẹ́ta gbáko. A máa ń dá wọn lóhùn bó ṣe mọ, a ó sì bi wọ́n ní tiwa: láti ìgbà JAMB àkọ́kọ́ títí di òní, kí lo ti fi ojú ara rẹ rí nípa àìsàn?

Ìdáhùn méjì la máa ń gbọ́. Ọ̀kan ni, "Lẹ́sìnnì ni mò ń lọ." Ìkejì, èyí tí wọ́n máa ń fi ìyangàn sọ, ni, "Mò ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Ọ̀rẹ̀. Mo ti mọ abẹ́rẹ́ gún."

Ìdáhùn kejì yìí ni a bá jà. Ẹni tó ń lọ lẹ́sìnnì, àkókò ara rẹ̀ ló ń ná. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́, ara ẹlòmíràn ló ń ná. Àwọn òbí á sì máa fọ́nnu láàárín ẹbí: "Ọmọ mi ti ń ṣe dókítà díẹ̀díẹ̀." Díẹ̀díẹ̀ wo? Ṣé ẹnikẹ́ni lè máa wa bọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀ lójú títì Ọ̀rẹ̀ sí Benin kó tó kọ́ ọkọ̀ wíwà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé. Nàìjíríà kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ ìṣègùn bóyá ó ti jókòó ti aláìsàn rí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì, Físíìsì, máàkì 400 lápapọ̀, kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, post-UTME, ó parí. Tí èèyàn bá wọlé, sáyẹ́ǹsì ni ọdún kìíní. Ọdún kejì àti ìkẹta, òkú inú yàrá anatomy àti ìwé ńláńlá ni. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ó di ọdún kẹrin kí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa wọ wọ́ọ̀dù lójoojúmọ́. Ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa. Ẹni tó ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹta, tó tún lo ọdún mẹ́ta nínú kíláàsì, á ti tó ọdún márùn-ún tó ti ń pe ara rẹ̀ ní dókítà ọ̀la kó tó gbóòórùn egbò tó ti kẹ̀.

Nínú iṣẹ́ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1973 ni wọ́n ti dá ètò SIWES sílẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní IT, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ wo bí iṣẹ́ ṣe rí kó tó gboyè. Tí ọmọ IT bá sì dé ọ́fíìsì wa, a kì í fún un ní password ẹ̀rọ tí àwọn oníbàárà ń lò lọ́wọ́. Á jókòó. Á ka ohun tí àwọn míì ti kọ. Á gbọ́ bí oníbàárà ṣe ń ráhùn lórí fóònù, á sì wá yé e pé ohun tí oníbàárà ní ó bàjẹ́ kọ́ ló sábà máa ń bàjẹ́. Ó lè tó oṣù méjì kó tó fọwọ́ kan nǹkan tó lè ba tẹlòmíràn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ohun tí a ń ṣọ́ tó báyìí, ètò orí ẹ̀rọ lásán ni, tí a lè dá padà sí bó ṣe wà lánàá. Kí ló wá dé tí ìdí ọmọ ọlọ́mọ fi di pápá ìdánrawò?

A mọ bí iṣẹ́ "auxiliary" ṣe ń lọ, torí àbúrò wa kan ṣe é. Ọsibítù aládàáni kan, tí a ò ní dárúkọ, gba ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì. Wọ́n fún un ní yunifọ́ọ̀mù àti owó oṣù tí ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé tán. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń gbálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń ka oògùn sínú ọ̀rá. Ọ̀sẹ̀ kẹta, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ jáde lọ jẹun, aláìsàn dé, wọ́n ní, "Ṣebí o ti ń wò ó, ìwọ náà gún un." Bó ṣe di agúnni nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé iṣan ńlá kan tó ń darí ẹsẹ̀ gba inú ìdí kọjá, àti pé tí abẹ́rẹ́ bá ṣe é léṣe, ọmọ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé lè máa wọ́ ẹsẹ̀ jáde. Àwọn dókítà eegun àti àwọn físíò nílẹ̀ yìí mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìyá rẹ̀ á ní ayé ló ṣe ọmọ òun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé "ayé" ọ̀hún, ẹnì kan tó ń retí admission ni.

Òfin ò gbà á o. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Nursing and Midwifery Council kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ti wù kó funfun tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́míìsì ìgboro: ìwé àṣẹ patent medicine kì í ṣe ìwé àṣẹ abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ gbé òfin tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ni ọmọ yìí ń kọ́ níbẹ̀? Ó ń kọ́ pé ibà àti taifọ́ọ̀dù, ìbejì tí kì í ya ara wọn, ni gbogbo aláìsàn ní. Láti 2010 ni WHO ti ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó tọ́jú ẹnikẹ́ni fún ibà. Òun ń wo ojú, ó ń fa oògùn sínú sìríǹjì. Ó ń kọ́ pé aláìsàn tó bá bi ni ní ìbéèrè, oníyọnu ni. Ó ń kọ́ láti máa dáni lóhùn nígbà tí kò mọ̀. Tó bá wá wọ ilé ìwé ìṣègùn ní tòótọ́, àwọn olùkọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ láti yọ gbogbo èyí kúrò lára rẹ̀, tó bá tiẹ̀ ṣeé yọ.

Ewu tirẹ̀ gan-an ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ń dà láàmú jù ní Nàìjíríà. Federal Medical Centre ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti máa ń tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lassa kì í kọ orúkọ rẹ̀ síwájú orí nígbà tó bá ń bọ̀. Ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, ó jọ ibà lásán. Nígbà tí ayé kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní 1969, nọ́ọ̀sì ló kọlù: Laura Wine tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lassa kú, Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos náà kú. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ nìyẹn o. Àbúrò wa tí wọn ò fún ní ìbọ̀wọ́, tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ àti èébì, ta ló sọ fún un?

Ohun kan wà tó máa ń bí wa nínú jù tí a bá rántí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kan tó fẹ́ wọ ilé ìwé ìṣègùn máa ń wá sí Áfíríkà fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, wọ́n á gún èèyàn lábẹ́rẹ́, wọ́n á rán egbò, nǹkan tí wọn ò jẹ́ dán wò ní ìlú wọn, kí wọ́n lè rí ohun kọ sínú fọ́ọ̀mù. AAMC, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwé ìṣègùn Amẹ́ríkà, kọ ìlànà jáde láti kìlọ̀ fún wọn pé iṣẹ́ tí wọn ò tíì kọ́, kí wọ́n má ṣe é lára ẹnikẹ́ni, àti pé ó lè ba ọ̀nà àbáwọlé wọn jẹ́. Òyìnbó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má fi ara wa kọ́ṣẹ́. Àwa ń rán ọmọ wa lọ fi ara wa kọ́ṣẹ́, a sì ń san owó ọ̀kadà rẹ̀.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Ó rọrùn, kò sì wuyì lójú Instagram. Ẹ wá ibi tí wọn ò ti ní jẹ́ kí ẹ tọ́jú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí ẹ ti máa rí aláìsàn látòkè délẹ̀. Ní Britain, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá Peckham ti ń sáré kí fọ́ọ̀mù wọn lè wọlé kó tó di 15 October, Medical Schools Council tiẹ̀ ti sọ ọ́ gbangba pé kò pọn dandan kó jẹ́ ọsibítù: ilé àwọn arúgbó kà, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ láàárín àwọn abirùn kà, títọ́jú ẹbí ẹni nílé kà. Ohun tí ẹ rí kọ́ níbẹ̀ ni wọ́n máa bi yín. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìyá ńlá yín ti ní rọpárọsẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé e yí lórí ẹní kí egbò má bàa dá sí i ní ẹ̀yìn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ò tíì ní ìrírí. Ẹ ní in ju ẹni tó wọ kóòtù funfun ya fọ́tò níwájú ilé ìwòsàn ńlá l'Ékòó.

Lẹ́yìn ilé, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ yín jù ló kàn. A mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Kò sí dókítà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, iná lè má sí, CHEW kan àti agbẹ̀bí kan ni. Ibẹ̀ gan-an la ń wí. Dókítà David Morley wá sí Iléṣà ní nǹkan bí ọdún 1956, ó sì ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé lọ tọ́jú àwọn ọmọdé. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá ló sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ káàkiri ayé. Ìwọ̀n ni. Ó rí i pé tí wọ́n bá ń wọn ọmọ lóṣooṣù, tí wọ́n ń fi àmì sí i lórí káàdì tí ìyá ń gbé lọ sílé fúnra rẹ̀, wọ́n á rí ọmọ tó ń rù kó tó dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ìlú, tí wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ló kọ́ láti bá a ṣe iṣẹ́ náà. Káàdì ìdàgbàsókè tó wà nínú báàgì ìyá ọlọ́mọ káàkiri ayé lónìí, Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára ìtàn rẹ̀. Ẹ wá ń sọ fún wa pé kí a wọn ọmọ kò tó iṣẹ́ dókítà?

Yunifásítì Ìbàdàn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: láti 1963 ni wọ́n ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Ìgbò-Ọrà, ní Ìbàràpá, kí wọ́n lè rí àìsàn níbi tí àìsàn ń gbé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wọlé ná kí wọ́n tó kó wọn lọ. Ẹ̀yin lè tètè lọ. Ajue ni Ìgbò-Ọrà yín.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ fún ọmọ tó gbọ́n. Lọ́jọ́ àwọn aboyún, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín wọn. Ẹ ó gbọ́ ẹni tó gun ọ̀kadà láti inú oko kòkó, ẹni tí ìyá ọkọ ní kó kọ́kọ́ lọ rí àwọn alásọtẹ́lẹ̀, ẹni tó ń kó owó káàdì jọ láti ìjẹta. Nígbà tí ìjọba Mímikò, tí òun náà jẹ́ dókítà àti ọmọ Oǹdó, bẹ̀rẹ̀ ètò Abíye ní Ìfẹ́dọ̀rẹ̀ ní 2009, ìdádúró mẹ́rin tó ń pa aboyún ni wọ́n dojú kọ: kó tó pinnu láti wá, kó tó dé, kó tó rí ìtọ́jú, kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì àkọ́kọ́ nínú wọn, inú ilé àti ojú ọ̀nà ni. Kò sí ìwé anatomy tó ní ojú ọ̀nà oko nínú.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú oko kòkó tún ní nǹkan tí ọmọ lẹ́sìnnì Ìkẹjà kò ní. Bàbá kan á dé lọ́sàn-án, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń làágùn, ó ń bì, ó ní ibà ni. Ta ló máa rántí bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ fọ́n oògùn kòkó láàárọ̀? Ẹ bo imú?" Ẹni tó ti ru ẹ̀rọ oògùn sẹ́yìn rí ni. Ẹ dìde, ẹ sọ ọ́ fún CHEW. Bẹ́ẹ̀ ni pẹ̀lú àwọn alágbàṣe tó wà ní àgọ́, Ẹ̀gbìrà, Ágátù, Ìgbò. Ọmọ tó lè sọ pijín sí wọn, tó lè fi sùúrù bi wọ́n ní ìgbà tí inú rírun bẹ̀rẹ̀, ó ti ṣe nǹkan tó wúlò ju ọgọ́rùn-ún abẹ́rẹ́ lọ. Ojú títì Ọ̀rẹ̀ nìkan la bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sílẹ̀. Ìlú tí wọ́n ń fi ìjà rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti 1967, ìjà ọkọ̀ ló kù níbẹ̀ báyìí, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe fíìmù.

Ẹnì kan lè ní àpẹẹrẹ àtijọ́ ni Morley, òyìnbó sì ni. Ó dáa. Ògúntọ́lá Sàpárà, tó kú ní 1935, iṣẹ́ oògùn ló kọ́kọ́ ṣe l'Ékòó kó tó lọ kọ́ ìṣègùn ní London. Nígbà tó padà dé, tí ṣọ̀pọ̀ná ń pa èèyàn, ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olóòṣà rẹ̀ láti mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn. Ẹni tó mọ ibi tí aláìsàn ń lọ kó tó wá sọ́dọ̀ dókítà ló lè ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù tí àwọn àbúrò wa ń mú wá ni owó, a ò sì ní fojú tín-ínrín rẹ̀. Auxiliary ń gba nǹkan lóṣù, ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kò gba kọ́bọ̀. Ìdáhùn wa ni pé kí ẹ wá owó níbòmíràn. Ẹ ta ìpara, ẹ kọ́ ọmọ níwèé, ẹ wá bá wa kí a kọ́ yín ní díẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ wá fi àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ilé ìwòsàn. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ọdún kan, ó lé ní àádọ́ta ọjọ́. Tó bá sì jẹ́ pé ọsibítù nìkan ló lè gbà yín síṣẹ́, ẹ gbálẹ̀, ẹ kọ káàdì, ẹ gba owó, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá na sìríǹjì sí yín, ẹ sọ pé, "Ẹ má bínú, mà, n kò tíì kọ́ ọ." Tí wọ́n bá lé yín torí ìyẹn, ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń kọ́ ìṣègùn.

Òmíràn ni pé kò ní fi máàkì kan kún JAMB. Òtítọ́ ni. A ò sì fẹ́ kí UNIMED ní Oǹdó tàbí ẹlòmíràn sọ ọ́ di dandan. A mọ ara wa. Tó bá di dandan lónìí, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, sátífíkéètì "clinical experience" á ti wà ní ọjà Ọ̀rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ohun tí a ń sọ kì í ṣe fún fọ́ọ̀mù. Ó wà fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, tàbí ohùn bàbá òun ló kàn ń dún létí òun. Àwọn kan á lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n á rí i pé àwọn ò lè fara da igbe ọmọdé. Àwọn míì á rí i pé agbẹ̀bí gan-an ni iṣẹ́ tó wu àwọn, tàbí ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tàbí físíò, gbogbo rẹ̀ sì wà ní UNIMED yẹn kan náà. Èyí sàn ju kí wọ́n mọ̀ ọ́n ní ọdún kẹrin lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti ta ilẹ̀ kan nílé torí wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má kọ lẹ́tà. Kí òun àti ìyá tàbí bàbá rẹ̀ jọ lọ kí ọ̀gá ilé ìwòsàn, kí wọ́n lọ nírọ̀lẹ́, nígbà tí èrò bá ti dínkù, kí wọ́n sọ ohun tó wá fún àti ohun tí kò wá fún: kò ní gúnni, kò ní fún ẹnikẹ́ni ní oògùn, kò ní ya fọ́tò. Tí aláìsàn bá ní kó bọ́ síta, kó bọ́ síta láì bínú. Ohun tó bá gbọ́ níbẹ̀, kó má bọ́ sí etí ìyá rẹ̀. Kó ra ìwé kékeré kan, kó máa kọ ohun tó rí sílẹ̀ lálaalẹ́, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kó tètè dé, kó bá wọn tẹ́ ẹní, kó bá wọn to káàdì, kó di ọmọ mú lórí ìwọ̀n tí ìyá bá gbà. Kó sì mú bírò méjì dání, torí wọn kì í ní bírò tó tó.